Ta Ló Ń Lé E?

Bí mo bá rí ìyá tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo máa ń rántí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ omi àwọn olóko ẹ̀fọ́ ní àdúgbò Gamkalley létí odò. Tí oòrùn bá ti mú, kinní náà á gbóná, á kú, ewé sàláàdì á sì rọ.

"Ìgbà gbogbo ló ń sáré," wọ́n á ní. "Ta ló ń lé e?"

Wọ́n wá tún ètò inú rẹ̀ kọ, kí ọpọlọ rẹ̀ lè máa rọra rìn nígbà tí kò bá síṣẹ́, kó sì yára bí iṣẹ́ bá dé. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Plateau nínú ìlú kan náà, níbi tó tutù bí omi àmù. Ó dé oko, ó kú.

Ni wọ́n bá gbé tábìlì àti kọ̀ǹpútà náà sí àgbàlá ilé wọn lọ́sàn-án gangan, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń tún ètò náà kọ, òógùn ń ro.

"Irú ibi tó máa gbé ni kí n ti dán an wò."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fọwọ́ kàn án, kò jó wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọkọ wọn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀rọ ti ń sinmi. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń lé yín?"