Iyẹ̀pẹ̀ Tí Mo Yan

Òórùn iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń yan nínú agbada gaàrí kò jọ ti ohun mìíràn. Ó dà bí òórùn òjò àkọ́rọ̀, àmọ́ èéfín wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa l'Ọ́fà ni mo ti ń yan án lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mò ń fi omorogùn gígùn rò ó, tí òógùn ń ro lára mi. Ìwọ náà mọ aládùúgbò, wọ́n jáde wá wòran. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n bu díẹ̀ fóun bó bá jinná. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, torí mo kàwé nípa iṣẹ́ oko, mo sì gbà pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ìjì ló fà á. Ó wó igi irúgbá kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú oko wa lọ́nà Ojoku. Láti ìgbà tí ìyá bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Alhaja, ti wọlé ọkọ ló ti ń fi èso igi náà ṣe irú. Ó ṣa ìwọ̀nba èso tó wà lára igi tó ṣubú, ó yọ kóró wọn, ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó sì kó wọn lé mi lọ́wọ́. "Bá mi gbé e dìde," ló wí. "Mo fẹ́ rí i lórí ìdúró kí n tó lọ." Mo mọ ibi tó ń sọ pé òun ń lọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára gan-an.

Àṣà ilé wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbin igi oko á lọ bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí ìyá igi náà wá, á dà á síbi tí ọmọ máa gbé. Alhaja rán mi létí. Mo ní, "Alhaja, kòkòrò ló kún inú ìyẹn, wọ́n á jẹ gbòǹgbò ọmọ igi." Ó wò mí títí. "Ta ní í jẹ́ kí ìyàwó dá nìkan lọ sílé ọkọ?" ló bi mí. Èmi wá lọ yá agbada, mo yan iyẹ̀pẹ̀ títí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ fi kú, mo dà á sínú àwọn ọ̀rá dúdú. Mo fi omi gbígbóná rẹ àwọn kóró kí èèpo wọn lè rọ̀, mo sì gbìn wọ́n. Inú ìwé ni mo ti rí i. Ìwé náà kò purọ́, èmi ni mo ka apá kan tí mo fi apá kejì sílẹ̀.

Ogún ló hù, wọ́n sì hù dáadáa. Mo ń ṣe fáàrí kiri ilé. Àfi ìgbà tí wọ́n yọ ewé díẹ̀ tán tí wọ́n dúró sójú kan. Ewé wọn pọ́n, ó ń já bọ́. Mo bomi rin wọn, mo fi ajílẹ̀ sí i, pàbó ló já sí. Nígbà tó ku mẹ́fà, mo kó wọn pamọ́ sẹ́yìn balùwẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Alhaja ń béèrè wọn, ojoojúmọ́ ni mò ń dáhùn pé wọ́n wà. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí kóró mìíràn kò sí mọ́.

Mo hú ọ̀kan tó ń kú lọ, mo gbé e lọ bá obìnrin kan tó kọ́ wa nílé ìwé. Ó ní kí n tún wá ọmọ irúgbá tó hù fúnra rẹ̀ nínú igbó. Ó rẹ gbòǹgbò méjèèjì láró, ó sì gbé wọn sábẹ́ maikirosikóòpù. Gbòǹgbò tèmi mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ti inú igbó ní àwọn fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n wọ inú gbòǹgbò, wọ́n sì tún nà jáde. "Ìbátan olú ni," olùkọ́ mi wí. "Ó ń bá igi bu omi àti oúnjẹ ilẹ̀ wá láti ibi tí gbòǹgbò ò dé. Igi á sì fún un ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe." Ó wá bi mí níbo ni mo ti rí iyẹ̀pẹ̀ tèmi. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo yan án ni, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tí Alhaja sọ ló ń dún létí mi.

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo délé, mo gbé márùn-ún tó kù síwájú Alhaja, mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo pa àwọn yòókù." Mo ń retí èébú. Ó fọwọ́ kan ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àwọn wọ̀nyí ò tíì kú," ló wí. "Lọ gbé ọkọ́ wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ Màrúwà lọ sóko. Wọ́n ti la igi náà kó lọ, kùkùté rẹ̀ nìkan ló kù. Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n má walẹ̀ nídìí kùkùté, kí n bọ́ sí ẹ̀yìn díẹ̀, níbi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ pọ̀ sí. Nígbà tí mo bẹ ilẹ̀ náà tán, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú náà sínú báàfù. Ó rọra ń kó o, bí ẹni tó ń kó ẹyin.

A délé, a dà á sídìí àwọn ọmọ igi márààrún. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, n kò rí ìyàtọ̀. Ọ̀kan tún kú. Mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ fún Alhaja nígbà tí mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí ewé tuntun kékeré kan, tó tutù minimini. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún ayọ̀ bí òpònú.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lóko lónìí, wọ́n ti ga jù mí lọ. Wọn ò tíì so. Irúgbá kì í kánjú, Alhaja sì mọ̀ pé òun lè má jẹ irú wọn, àmọ́ ó ti rí wọn lórí ìdúró. Èmi tí mo máa ń rò pé igi ńlá dá dúró ni, mo ti wá mọ̀ pé a kì í rí àwọn tó dì í mú. Mò ń tọ́ ọmọ igi fún àwọn èèyàn báyìí, kò sì sí ẹni tó máa gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi tí n kì í di iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ fún. Bí mo bá ti ń dì í, Alhaja á nahùn láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ò kọ́kọ́ yan án?"

"Mi ò yan án, mà."

"Ó dáa. Jẹ́ kó sin ìyàwó lọ."