Bí Mo Ṣe Fi Ìrun Jímọ̀ Ti Ọmọ Mi Mọ́ta

“Bí ẹ bá tún fi orúkọ Ọlọ́run pa íńtánẹ́ẹ̀tì mi, Ìyá Oníwáyà, n ó tú gbogbo wáyà yín, ẹ ó lọ fi sá aṣọ nílé.”

Alájì tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ṣakí ló kìlọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lójú oníbàárà mẹ́fà. Mo kà wọ́n. Kò parọ́ mọ́ mi, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè wọ ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. N kò ní ọ̀gá. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ. Ìyókù, iná gbé mi títí mo fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ṣe ti Alájì, mo ṣètò rẹ̀ kí íńtánẹ́ẹ̀tì máa kú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, láti agogo kan ọ̀sán di agogo mẹ́ta. Mo ní kí ọ̀rọ̀ ayé má baà dí ìrun lọ́wọ́ ni. Alájì ṣàdúrà fún mi títí ẹnu fi gbẹ ẹ́. Irọ́ ni mo pa. Bí àwọn àgbà bá ti lọ kírun, àwọn ọmọkùnrin tí kì í kírun a kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èrò mi ni pé bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní sí ọmọkùnrin. Bí kò bá sí ọmọkùnrin, n ó rí oorun sùn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo wà lórí òrùlé ilé ìwòsàn kan ní Òtù nígbà tí ọmọ náà pè mí. Agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.

“Mọ́mì, íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ o! Fọ́ọ̀mù yunifásítì mi ku ojú ewé kan, agogo mẹ́ta lónìí ni wọ́n máa tì í pa!”

Àárọ̀ ni mo rán an lọ síbẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ pé yóò parí ní agogo méjìlá. Àwọn oníbàárà tó máa wà níwájú rẹ̀ ni n kò ṣírò.

“Alájì ńkọ́?”

“Wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti pa fóònù. Ìyá kan níbí ní òjò tó ṣú lápá Ìgbòho ló fà á.”

“Òjò kọ́.”

“Kí wá ni?”

Mo wo ilẹ̀ láti orí òrùlé. Ó jìn. “Èmi ni.”

Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè ṣí i, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ èmi nìkan. Alájì pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Mo pè é fún ọmọ mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó wọlé. Ó rí àkọsílẹ̀ àwọn fóònù tí mo dí.

“Mọ́mì, orúkọ fóònù mi ló wà níbí yìí. Ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kó má gba íńtánẹ́ẹ̀tì ibí.”

“Mo mọ̀.”

“Mo gbé fóònù yìí lọ fún alátùnṣe lẹ́ẹ̀mejì!”

“Ìgbà kejì, èmi ni mo sìn ọ́ lọ.”

Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀: “Ìyá yìí le ju ọlọ́pàá lọ!”

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fọ́ọ̀mù náà wọlé. Kó tó di ìgbà náà, mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin yẹn fún un.

“Ẹ ṣé, Mọ́mì,” ó ní. “Mo ti yí páásíwọ́ọ̀dù náà padà o.”

Ó sọ tuntun fún Alájì, ó sì sọ ìdí tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń lọ ní Jímọ̀ fún un pẹ̀lú. Kò tíì sọ tuntun náà fún mi.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́: bí ẹ bá ti nǹkan mọ́ ọmọ yín, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ tì í, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.