Ẹni Tó Bá Na Kóòṣì Adéróunmú

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní àgbàlá Kóòṣì Adéróunmú ní Baṣọ̀run: ọmọ tó bá na kóòṣì nídìí tébù tẹ́níìsì, ọmọ náà ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Pápá ìṣeré ńlá ni yóò máa lọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin yìí nígbà tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá. Lójú tirẹ̀, olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti jù lọ, tó sì tún dì í mú, olè ni.

Òfin yìí rọrùn nígbà tí àgbàlá kún. Bí Simon bá lọ, Ẹwàolúwa á bọ́ sípò rẹ̀, ìyàwó kóòṣì á sì máa bu omi tútù fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti di ará Kánádà, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti rí fóònù tí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ láì làágùn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kóòṣì ò jẹ àjẹìwẹ̀yìn, síbẹ̀ òun náà ló ń ru igbá tirẹ̀. Nabeelah nìkan ló kù, ọmọ ilé ìwé girama tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé wá láti Agbowó lọ́sàn-án Sátidé. Láti Sọ́ńdè ni bàbá ti máa ń retí Sátidé. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe èèyàn.

Ọwọ́ Nabeelah yá ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kóòṣì ní sáàfù kan tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni, bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ tó máa ń balẹ̀ sórí tébù tán kó tó yà bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ọmọ náà bá ti fẹ́ borí, kóòṣì á fi í ránṣẹ́, Nabeelah á sì gbá a sínú nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ tún ti nà mí, sà."

"Ó di Sátidé tó ń bọ̀."

Kóòṣì mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe kò dáa. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣa àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, kóòṣì fi sáàfù rẹ̀ ránṣẹ́ ní àkókò gan-an tí ìyá Nabeelah tẹ họ́ọ̀nù lẹ́nu géètì. Ọkàn ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dá bọ́ọ̀lù náà padà gbàà. Ó kọjá létí kóòṣì, ó lọ kan ògiri. Nabeelah wá dúró bí ẹni tó fọ́ àwo onílé.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n dá padà?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo ní láti ìgbà wo?"

"Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, sà." Bàtà rẹ̀ ló ń wò. "Tí n bá nà yín, ta ló máa wá bá yín gbá a?"

Inú kọ́kọ́ bí bàbá, kí ojú tó wá tì í. Ó rò pé òun ń fi ọgbọ́n dá ọmọ dúró, àṣé ọmọ ló ń ṣe sàárà fún òun.

"Gbá a bó o ṣe mọ̀ ọ́n gbá," ó ní. "Bó o bá tún ṣàánú mi, a ò ní rẹ́ mọ́."

Nabeelah nà án. Kò tilẹ̀ pẹ́. Bí ó ṣe ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ ló ń sunkún, kóòṣì sì fúnra rẹ̀ sìn ín dé ìdí ọkọ̀.

"Aago mélòó ni kí n gbé e wá ní Sátidé, sà?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ẹ má gbé e wá mọ́, Àlàájá."

"Háà! Kí ló ṣe, sà?"

"Ó ṣe dáadáa ni. Ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Pápá ìṣeré ńlá ni kẹ́ ẹ máa gbé e lọ."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, inú rẹ̀ sì dùn lóòótọ́. Ó di géètì mú títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà. Oòrùn ṣì wà lókè, Sátidé ò tíì parí, kò sì mọ ohun tó máa fi ìyókù rẹ̀ ṣe.