Ohùn Ìyá Mi Létí Bàbá Mi

Ìbínú ni mo fi ṣe fíìmù mi àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọgbọ́n ni, ẹ má dá a lóhùn.

Tápà ni bàbá mi, Mùsùlùmí láti Bídà, tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ládìpọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, Onítẹ̀bọmi paraku, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Pápá Àjàó tí mo gbé dàgbà, ọmọ Tápà ni wọ́n ń pè mí; tí mo bá dé Bídà, mo di ọmọ Yorùbá. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá mi lọ́jọ́ tí bàbá mi kú.

Ọsibítù ní Ìdí-Àràbà ló kú sí, láàárọ̀, kí ẹbí rẹ̀ tó dé. Èmi àti ìyá mi nìkan la wà níbẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ ń já, mo rí i tí ìyá mi gbẹ́nu lé e létí, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí máa ń sọ fún ẹni tó ń kú lọ: Lá iláhà illá-lláhù. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, kò ṣì í sọ. Ó ń tún un sọ títí ètè bàbá mi fi dákẹ́.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dúró ní pálọ̀ wa, ó ní, "Ọwọ́ kèfèrí ni àbúrò mi kú sí. Kò rẹ́ni rán an létí Ọlọ́run."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

Ẹ má bínú kẹ̀! Mo lanu, ó já mi léèékánná. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n á gba aṣọ akọrin lọ́rùn rẹ̀. Torí náà, ó gbé e mì. Èmi ò lè gbé e mì.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí fíìmù fídíò gbòde ní Sùúrùlérè, mo kọ ọ́ sínú fíìmù láìsọ fún un. Ọjọ́ tá a fẹ́ ya ibi tí bàbá ti kú, òṣèré tó ń ṣe ìyàwó ju ìwé eré sílẹ̀.

"Àǹtí, ọmọ Ọlọ́run ni mí o. Ẹnu mi ò lè sọ ìyẹn."

Ẹni tó fẹ́ bá wa tà á ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kí bàbá yẹn gba Jésù kó tó kú jàre. Ìyẹn ni màkẹ́ẹ̀tì ń béèrè."

Orí mi gbóná. Mo ní wọn ò lè sọ bàbá mi di Kristẹni lẹ́yìn tó ti kú. Mo ń pariwo lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, òun ló gbé oúnjẹ wá fún wa.

"Ta ló ní kó o sọ fún wọn?"

Ó gbé kúlà oúnjẹ sílẹ̀, ó wo ọkùnrin tó ń ṣe bàbá, tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ yí kámẹ́rà kúrò lójú mi."

Ó tẹ̀ ba, ó sì sọ ọ́ sétí ẹni ẹlẹ́ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohùn yẹn la lò nínú fíìmù, ojú òṣèré ni wọ́n rí.

Nígbà tí fíìmù jáde, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí mi kú iṣẹ́. Ó jókòó sí pálọ̀ kan náà, ìyá mi gbé omi fún un.

"Obìnrin tó sọ̀rọ̀ sétí ọkọ rẹ̀ yẹn, Mùsùlùmí òdodo ni," ó ní. "Ohùn rẹ̀ pa mí lẹ́kún. Ká ní irú ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ni."

Ọgbọ̀n ọdún, kò mọ ohùn ìyàwó àbúrò rẹ̀! Mo dìde kí n là á yé e. Ìyá mi di aṣọ mi mú.

"Jókòó," ó rọra sọ ọ́. "Bàbá rẹ mọ ohùn mi."

Mo jókòó. Inú ṣì ń bí mi dòní.