Wáyà Tí Mo Fi Ìka Mú

Òfin kan wà nílé wa ní Ìlá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà tí a ti bó nígbà tí iná bá wà. N kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, tí mo bá ọmọbìnrin mi lórí ilẹ̀ pálọ̀ tó ń fi eyín bó wáyà, gílóòbù ni mo kọ́kọ́ wò. Kò sí iná. Mo mí kanlẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ káàbọ̀ sà. Mo fẹ́ so kakulétọ̀ mi mọ́ kọ̀ǹpútà ni."

Àlòkù ni kakulétọ̀ náà, irú èyí tó ń tọ́jú ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀; àbúrò mi ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun. Gbogbo ìsinmi ni ọmọ náà fi kọ iṣẹ́ kan sínú rẹ̀ tó fẹ́ fi han àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ní báyìí, bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Ẹ̀rọ náà sì ti gbó débi pé bí a bá yọ bátìrì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò parẹ́, àfi bí a bá ti kó o sínú kọ̀ǹpútà.

"Kí ló dé tí o ò dà á kọ sínú ìwé?"

"Mo bẹ̀rẹ̀ sà. Bí mo ṣe ń ṣí i wò ni bátìrì ń lọ sílẹ̀."

Mo jókòó tì í. Ó ti gé okùn tí wọ́n fi ń so fóònù àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ti gé íápíìsì kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín tó wọ ihò ara kakulétọ̀. Wáyà mẹ́ta yọ níhìn-ín, mẹ́ta yọ lọ́hùn-ún. Mo rí pupa ní apá méjèèjì, mo ní kó so pupa mọ́ pupa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Rárá o, Bàbá. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbọ́. Bí a bá so ẹnu mọ́ ẹnu, ta ni yóò gbọ́?"

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í sọ̀rọ̀, kì í gbọ́. Àmọ́ bí kò bá sí, àwọn méjì yòókù ò lè gbọ́ ara wọn."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò yé mi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa, tí ìbá fi òjé bá wa jó o pọ̀, ti lọ sí Òkè-Ìlá. Wáyà íápíìsì sì rí bí irun. Ọmọ mi fi téèpù di méjì, ẹ̀kẹta kò gbà. Bó bá ti lọ́ ọ tán, á tún yọ.

Ìgbà náà ni iná dé. Kọ̀ǹpútà wa kì í tàn àfi bó bá wà lára iná. Ọmọ náà ki okùn rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì wò mí.

"Bàbá, ẹ bá mi fi ìka mú èyí pọ̀."

"Iná wà nílé."

"Iná tó wà nínú èyí ò tó ti tọ́ọ̀ṣì, sà."

"Níbo ló ti wá? Ṣebí ara ògiri náà ni?"

"Ara ògiri ni, ṣùgbọ́n ṣájà kọ̀ǹpútà ti dín in kù."

"Bí ṣájà bá gbàgbé ńkọ́?"

Ó yí ojú kakulétọ̀ sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ti ń ṣá.

Mo wọ sílípáàsì onírọ́bà. Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí onípákó. Ìyàwó mi gbé abọ́ kọjá.

"Bàbá ọmọ, ṣé ẹ̀yin náà ti di wáyà ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Dúró sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá pariwo, pa á."

"Bí ẹ ò bá wá lè pariwo ńkọ́?"

Mo di ojú, mo fún wáyà náà pọ̀. Mo retí kó ta mí. Kò ta mí.

"Ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó ń lọ, Bàbá. Ẹ má mira."

Mo la ojú wo ìka mi. Kò gbóná, kò gbọ̀n. N kò rí ohun tó ń lọ.

"Ó ti wọlé!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ lè fi sílẹ̀ sà."

N kò fi sílẹ̀. Ìyàwó mi náà ní kí n fi sílẹ̀.

"Kọ́kọ́ ṣí i wò," mo wí fún ọmọ náà, "kí o rí i pé ó pé."

Ó ṣí i, ó ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iná ṣì wà nílé, wáyà tí a ti bó sì wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tó ní ó pé ni mo tó jù ú sílẹ̀.