Igi Ẹ̀gẹ́ Ẹ̀bá Ọ̀nà

Bí ẹ bá dé Àyèká tí ẹ béèrè Sẹ̀kínà, ìyá Àmínù, wọn á ní kí ẹ máa tẹ̀lé òórùn púpurú lọ. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi títí tó fi kẹ̀, tí a fún, tí a mọ róbótó, tí a sì yan lórí èéfín, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ogún ọdún sẹ́yìn. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun mú ọkọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní kó wá jẹun, á ní òun ń bọ̀, á tún kọ ebè méjì sí i.

Ilẹ̀ tó ń dá oko sí kì í ṣe tirẹ̀. Ilẹ̀ àwọn ọkọ rẹ̀ ni, ọkọ sì ti kú. Mùhámádù, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ló ni àṣẹ lórí ẹ̀. Ọdún méjì léraléra ni ẹ̀gẹ́ oko náà ń ṣàìsàn: ewé rẹ̀ á ká kò, á pọ́n yòò níbì kan, á tutù níbòmíràn, tí wọ́n bá sì hú u, ohun tó wà nídìí ẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ. Mùhámádù bá sọ ojú abẹ níkòó.

"Ìyàwó wa, mo fún ọ ní ọdún kan sí i. Bí òjò bá dáwọ́ lóṣù kẹjọ, màá wá wo oko. Bí ẹ̀gẹ́ bá tún rí báyìí, ọ̀pẹ ni màá gbìn síbẹ̀."

"Ẹ ṣé, bàbá wa," ni Sẹ̀kínà wí. Kí ni ì bá tún wí? Ibi tí ọ̀pẹ bá ti wọlé, ọmọọmọ ẹni ló máa ń bá a níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ti jáde nìyẹn, Sẹ̀kínà náà sì ti jáde.

Ó wá lọ bá Adéríbigbé, òṣìṣẹ́ àgíríìkì tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Okitipupa. Ọkùnrin náà já ewé kan, ó yí i wò.

"Ìyá, inú igi tí ẹ ń gbìn ni àrùn yìí ń gbé. Bí ẹ bá gé igi lára èyí tó ń ṣàìsàn, àìsàn lẹ gbìn. Kòkòrò funfun kan tún wà lábẹ́ ewé, kò tó orí abẹ́rẹ́, òun ló ń gbé e láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ẹ hú gbogbo eléyìí. Ẹ kó igi rẹ̀ kúrò lóko, kí ẹ dáná sun ún. Màá bá yín wá igi tó dá ṣáṣá ní Ìrẹ̀lẹ̀. Tí ẹ bá wá rí èyíkéyìí tó ká kò láàárín rẹ̀, ẹ hú u lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣàánú rẹ̀."

Sẹ̀kínà hú u. Ó kó igi kúrò lóko. Ọ̀rọ̀ iná yẹn ni kò wọ̀ ọ́ létí. Ta ní í dáná sun igi ẹ̀gẹ́? Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ni pé a kì í ta igi ẹ̀gẹ́, a kì í sì í fi du ẹni tó ń wá a. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀bá ọ̀nà là ń kó o sí. Ẹni tí kò bá ní á gbé e, á sì ṣàdúrà fún olóko. Sẹ̀kínà di igi náà ní ìdì méje, ó tò ó sẹ́bàá ọ̀nà. Ṣebí wọ́n ní kó kúrò lóko? Ó ti kúrò!

Igi tuntun dé, ó gbìn ín. Ó hù, ewé rẹ̀ tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Inú Sẹ̀kínà dùn, ó ń dá orin kọ. Nígbà tó di oṣù kejì, ìlà tó wà lápá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò.

Háà! Ó hú wọn, ó sun wọ́n. Lọ́sẹ̀ kejì, ìlà tó tẹ̀ lé e tún mú un. Ó hú ìyẹn náà. Orí rẹ̀ dàrú. Bó bá jẹ́ igi Ìrẹ̀lẹ̀ ni kò dáa, kí ló dé tí ti àárín oko ń tutù yọ̀yọ̀? Bó bá jẹ́ òjò ni, ṣé òjò máa ń mọ ìlà ni? Àbí Mùhámádù ló ń fojú burúkú wo oko náà? Ó rò ó, ó tún ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jin òun, torí ọkùnrin náà ò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín. Ó dúró láàárín ebè, ó ń bá ẹ̀gẹ́ sọ̀rọ̀: "Kí ni mo ṣe fún yín? Kí lẹ tún ń fẹ́?" Kò mọ ohun tó kàn mọ́. Nígbà tó lọ kí Mùhámádù nílé, ìyẹn ní, "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ọmọ ọ̀pẹ mi ti tó gbìn o." Omi bọ́ lójú Sẹ̀kínà kó tó dé ilé.

Ó tún pe Adéríbigbé. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ wo oko pẹ́. Ó wo òdìkejì ọ̀nà.

"Oko ta nìyẹn?"

Oko Dora ni. Dora, ìyá Goodness, ará etí omi ni. Ẹja ni wọ́n ń pa nílé wọn. Nígbà tí ẹja ò wọ àwọ̀n mọ́, ó kó ọmọ rẹ̀ wá sí Àyèká, oko àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ sì nìyẹn. Kò sí ẹ̀gẹ́ kan níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ tẹ́.

"Níbo ló ti rí igi tó gbìn?" ni Adéríbigbé béèrè.

 Sẹ̀kínà fúnra rẹ̀ ló gbé ìdì igi ẹ̀bá ọ̀nà náà ru Dora lọ́jọ́ tó wá kó o. Ó tiẹ̀ tún bá a ṣe òṣùká.

Bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà là á fi hàn. Ó sọdá ọ̀nà. Dora ń ro oko lọ́wọ́. Bó ti rí i, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àmínù! Ẹ wo ẹ̀gẹ́ yín bó ṣe ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣàdúrà fún yín. Mo fẹ́ bi yín, ṣé bí ewé irú tiyín ṣe máa ń wé mọ́ra nìyí?"

"Kì í ṣe irú ẹ̀, Ìyá Goodness. Àìsàn ni." Sẹ̀kínà ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, ti kòkòrò, ti iná tí kò dá, ti ọ̀pẹ Mùhámádù.

Dora gbọ́ ọ tán. "Ẹ mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn nígbà tí ẹ gbé e rù mí?"

"Mo mọ̀." Ojú ń ti Sẹ̀kínà, ó ń wo ilẹ̀. "Mi ò kàn rò ó dé ibi tó ń lọ."

"Bí mo bá hú u, kí lèmi àti Goodness máa jẹ?"

"Bí o bá fi sílẹ̀, ìwọ ò ní jẹ, èmi náà ò ní jẹ. Bí o bá hú u, èyí tí tèmi bá so, a jọ máa jẹ ẹ́ ni."

Dora tún gbé ọkọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín ń rú ní òdìkejì ọ̀nà. Sẹ̀kínà sáré lọ pé kóun bá a hú u. "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe é," ni Dora wí, kò sì wo ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àìsàn náà dúró. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Mùhámádù dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó rìn láàárín ebè lọ, ó rìn bọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́! Ilẹ̀ yìí di tìrẹ. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọ̀pẹ mọ́." Ó bá fi ọ̀pá nà sí òdìkejì ọ̀nà. "Ọ̀lẹ wo ló fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán báyìí?"

Inú Sẹ̀kínà ń dùn, inú náà ló tún ń bà jẹ́. Kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ gbà nínú méjèèjì.

"Kì í ṣe ọ̀lẹ, bàbá wa. Èmi ni mo gbé àìsàn oko mi rù ú. Òun ló hú tirẹ̀ kí tèmi lè yè. Ìdajì ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń wò yìí, òun ló ni ín."

"Àjèjì? Lórí ilẹ̀ wa?"

"Rárá o, bàbá wa," ni Sẹ̀kínà wí, ó sì kúnlẹ̀ sórí ebè. "Lórí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó di tèmi."