Mo Na Gbogbo Ará Dẹ́pò ní Tẹ́bù Tẹ́níìsì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n fẹnu ara mi ro ẹjọ́ yìí, torí mo mọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá bá mi rò ó, kò ní dùn ún gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà yẹn, bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n bí ojú, tẹlifóònù sì jẹ́ ohun tó ń jókòó sórí tábìlì ọ̀gá. Èmi sì ni ọ̀gá.

Máníjà ni mo jẹ́ ní dẹ́pò kan ní Ring Road, níbi tí àwọn kẹ́míìsì ti ń wá ra òògùn òyìnbó. Olú ilé iṣẹ́ wa wà ní Èkó. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ mi. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ikùn mi sì máa ń ṣíwájú mi wọlé. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Ó ní kí n wá eré ìdárayá kan tí màá gbádùn, torí ohun tí ènìyàn kò bá gbádùn, kò ní pẹ́ tó fi máa pa á tì. Ó ní kí n yan èyí tó bá wù mí.

Eré sísá ni mo kọ́kọ́ yàn. Mo ra bàtà kánfáàsì, mo ra ṣòkòtò péńpé funfun, mo bọ́ sí títì Bódìjà ní ìdájí. Mi ò tíì kọjá ilé mẹ́ta tí àwọn ará àdúgbò fi ń yọjú ní géètì, tí wọ́n ń bi mí pé ṣé kò sí o? Ta ló kú? Ìyá àgbà kan tiẹ̀ ti fẹ́ máa bá mi sunkún. Ẹ sì mọ̀ pé àgbàlagbà kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Tèmi kì í ṣe ejò. Ní ọjọ́ kẹta, ajá ló lé mi, mo sì fi eré sísá sílẹ̀ fún ajá.

Mo tún lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Omi tí mo mu lọ́jọ́ náà, mi ò rò pé wọ́n rí i dá padà. Ìyàwó mi, Ìyá Bùsọ́lá, ní kí n yáa máa gun àtẹ̀gùn ilé wa lọ sókè sódò, pé ìyẹn ò ní sọ òun di opó.

Àṣé eré tó máa wù mí ò jìnnà, ẹ̀yìn dẹ́pò ló wà! Lábẹ́ igi máńgòrò kan níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mi ti fi pákó àpótí òògùn kan tábìlì tẹ́bù tẹ́níìsì fúnra wọn. Wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dí àárín rẹ̀, ìyẹn ni nẹ́ẹ̀tì wọn. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń gbá a. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá borí ló ń dúró, ẹni tí wọ́n bá sì nà, á gbé báàtì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí mo kọ́kọ́ yọ síbẹ̀, Músílíù ló wà nídìí tábìlì. Akọ̀wé wa ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń palẹ̀ mọ́ fún ìgbéyàwó lọ́wọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì mú. Mo bọ́ kóòtù mi, mo ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Mo ti gbà pé ó máa rọra ṣe. Àpọ́nlé ọ̀gá ńkọ́? Músílíù ò rí ọ̀gá kankan. Bọ́ọ̀lù á gba apá ọ̀tún, èmi á ti lọ dúró dè é lápá òsì. Ó nà mí ní mọ́kànlélógún sí mẹ́rin!

Nígbà tó gba báàtì lọ́wọ́ mi, ó tẹríba díẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ padà sí ọ́fíìsì, sà. Ibẹ̀ lẹ ti lágbára.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni o.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà dé láti Èkó. Wọ́n ní ọjà ò tà mọ́, kí n mú orúkọ ẹnì kan wá tí àwọn máa dá dúró níṣẹ́. Mo padà sí ọ́fíìsì, níbi tí mo ti lágbára. Mo kọ orúkọ Músílíù. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ orúkọ náà, pé ó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, pé kò sì ní àpọ́nlé. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, pé kò kan ti bọ́ọ̀lù rárá. Mo jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì sùn dáadáa.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ìyanu! Láti ọjọ́ tí Músílíù ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, ọwọ́ mi là. Mo na dírẹ́bà. Mo na àwọn tó ń já ẹrù. Mo na kaṣíà, ẹni tí mo ti fojú ara mi rí tó ń bá Músílíù gbá a dé ogún. Oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò nídìí tábìlì. Ikùn mi ń fà, ẹ̀jẹ̀ mi ń wálẹ̀, inú dókítà dùn. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo ra báàtì gidi tó ní rọ́bà pupa lójú kan, dúdú lójú kejì, mo ń gbé e kiri nínú mọ́tò.

Ẹnu mi wá gùn ju báàtì lọ. Mo ṣe òfin tuntun: ẹnikẹ́ni tí mo bá nà gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú tábìlì, kó pè mí ní Kábíyèsí. Eré ni mo pè é. Bàbá Làmídì tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, ewú ti bo orí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo na òun náà, ó dúró, ó ń wo ilẹ̀, bóyá ó rò pé màá ní kó fi sílẹ̀. Mo ní, “Bàbá Làmídì, òfin ò mọ àgbà.” Orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, lẹ́yìn náà àyà rẹ̀. Nígbà tó máa dìde, ewé máńgòrò ti lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì fura.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, Délé, olùkọ́ ní yunifásítì. Bódìjà lòun náà ń gbé, ó sì ní tábìlì gidi nínú ọgbà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú Ìyá Bùsọ́lá lọ síbẹ̀. Mo gbé báàtì mi dání, mo ní kí Délé jáde wá jìyà. Délé ní òun ṣì ń jẹun, kí n kọ́kọ́ bá Tómi gbá ọ̀kan. Tómi ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá. Mo ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí n pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ náà gbá àkọ́kọ́, mi ò rí i. Ó gbá èkejì, afẹ́fẹ́ ni mo gbá. Nígbà tó di mẹ́sàn-án sí òdo, ó gbé báàtì sáyà, ó wò mí tàánú-tàánú.

“Dádì Bùsọ́lá,” ó ní, “ṣé kí n máa rọra gbá a fún yín?”

Mo ní kó má rọra. Mọ́kànlélógún sí méjì ló parí sí, méjèèjì tí mo sì ní, òun ló ṣì í gbá. Bí a ṣe dénú mọ́tò, Ìyá Bùsọ́lá bi mí bóyá gbogbo àwọn ará ọ́fíìsì tí mo ń nà lójoojúmọ́ yìí ní ọwọ́ lára.

Ní ọjọ́ Ajé, mo pe Bàbá Làmídì wọ ọ́fíìsì, mo ti ilẹ̀kùn. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n borí ni? Ó ní rárá, pé mo mọ̀ ọ́n gbá. Mo tún bi í. Ó tún ní mo mọ̀ ọ́n gbá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní bó bá tún parọ́ fún mi, màá kọ kúẹ́rì fún un. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe ń wá òtítọ́?

Bàbá Làmídì ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní, “Ọ̀gá, Músílíù nà yín, kò pé oṣù kan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní, sà. Kí ni màá sọ fún wọn, pé mo borí ní tẹ́bù tẹ́níìsì?”

Mo ní ìyẹn kọ́, pé pípẹ́ tó ń pẹ́ dé ló lé e lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bó ṣe jáde, mo ṣí ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ àsìkò tí wọ́n dé. Ní gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Músílíù pẹ́ dé. Dírẹ́bà mi gan-an pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí èmi ló máa ń dúró dè nílé. Ṣé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Mo mọ̀. Mo kàn gbé e pamọ́ síbi tí mi ò ti ní kọsẹ̀ lára rẹ̀ ni. Ojú ara mi tì mí lọ́jọ́ náà.

Bàbá Làmídì ló júwe Àgbówó fún mi. Ó ní ibẹ̀ ni Músílíù wà, pé àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti gba ọmọ wọn padà, wọn ò lè fi ọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo bá a níwájú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ó ti gbé tábìlì kan síbẹ̀, wọ́n ń fún un ní owó díẹ̀ kí wọ́n tó gbá, wọ́n ń pè é ní Kóòṣì. Ó ti rù. Ó ń na akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ òsì ju ẹ̀pà sẹ́nu. Bó ṣe rí mi, ó da ẹ̀pà nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Mo ní kó jẹ́ ká gbá ọ̀kan. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bó bá ti nà mí bíi tàkọ́kọ́, tó sì tún fi mí ṣẹ̀sín níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, màá sọ ọ́ síta pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kó nà mí. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó jẹ́ kí n borí. Kò tilẹ̀ ṣe é wúruwùru bíi tàwọn ará dẹ́pò. Ó fà mí títí a fi dé ogún sí ọ̀kàndínlógún, òógùn bò mí, ó wá gbá ti ìkẹyìn síta díẹ̀ báyìí, ó sì mi orí bí ẹni tí ó dùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó lé e lórí, wọ́n ní Kóòṣì ti darúgbó, bàbá oníkùn ti nà án. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sún mọ́ mi.

“Ọ̀gá, ẹ ti mọ̀ ọ́n gbá gan-an báyìí,” ó ní. “Ṣé àyè kankan ò tíì ṣí ní dẹ́pò, sà?”

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní màá kọ̀wé sí Èkó, mo sì kọ ọ́ lóòótọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, èsì dé. Wọ́n ní àyè kan wà, ṣùgbọ́n àwọn kì í gba ẹni tó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tí kò sì ní àpọ́nlé padà. Wọ́n so ẹ̀dà ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, kí n má baà jiyàn. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni, ó gún régé.

Mo lè kọ̀wé padà pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Àbí mi ò lè ṣe é? Mo mú bírò, mo gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí Èkó bá gbọ́ òtítọ́, èmi ni orúkọ mi máa jáde. Bàbá Làmídì ló lọ sọ fún Músílíù pé kó má dúró dè mí mọ́. Mo gbọ́ pé ó ní kò burú, kí wọ́n bá òun kí ọ̀gá.

Láti ọjọ́ náà, ìrìn ni mo ń rìn, èmi nìkan, láti ilé dé Sẹ̀kìtéríàtì, lọ bọ̀. Wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ máńgòrò títí mo fi kúrò níṣẹ́ náà. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, bí mo bá sì ti yọjú, ariwo á dákẹ́.

Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o, ó ń ṣe ara lóore. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ẹni tó ń jẹun lábẹ́ ọwọ́ yín gbá a. Ẹ lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ yín, kí wọ́n nà yín dáadáa, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ lè fi inú kan rẹ́rìn-ín. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ yáa máa rìn bíi tèmi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá òun borí rí, nídìí ayò, nídìí bọ́ọ̀lù, tàbí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Ẹ kọ ọ́ sí mi, màá kà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ yín sí i. Mo ti kọ orúkọ ènìyàn sórí ìwé rí.